Ìwọ̀nba 34 mm tó ń pinnu ohùn kilarinẹ́ẹ̀tì

Àwọn tó ń ra bárẹ̀lì kilarinẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá kúkúrú tó so ibi ìfẹnusí fèrè náà mọ́ apá òkè rẹ̀, sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè irú igi tí wọ́n fi ṣe é. Ihò inú rẹ̀ ni kí wọ́n máa béèrè. Nínú bárẹ̀lì 66 mm, ojú ìkibọ̀ tí a ń ki àwọn apá fèrè yòókù bọ̀, ní orí àti ìdí, gba bíi 16 mm lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku bíi 34 mm fún afẹ́fẹ́, ibẹ̀ sì niṣẹ́ wà.

Bí a bá fẹ ihò níbi tí afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀ jù, ohùn á wálẹ̀. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń sáré jù, ohùn á gòkè. Ẹ mú ohùn 311 Hz (ìyẹn ìgbọ̀n 311 ní ìṣẹ́jú àáyá kan): láti ṣóńṣó ríìdì, abala tó ń gbọ̀n níbi ìfẹnusí, dé ibi tí ìfúnpọ̀ ti tán tó nǹkan bí 276 mm, nígbà tí ihò bárẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ ní bíi 89 mm. Inú ìfúnpọ̀ ló ṣì wà. Ẹ wá fi àtàǹpàkò òsì tẹ kọ́kọ́rọ́ tó ń gbé ohùn fò. Ó di 932 Hz, ibi tí ìfúnpọ̀ ti tán sì sún wá sí bíi 92 mm, lẹ́nu òkè bárẹ̀lì gan-an. Nítorí náà, fífẹ̀ kan náà á fa ohùn ìsàlẹ̀ wálẹ̀, á sì ti tòkè sókè. Bí àlàfo tó wà láàárín ohùn méjèèjì bá ti fẹ̀ jù tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ríímà, irinṣẹ́ tí a fi ń fẹ ihò, kàn án rárá. Bárẹ̀lì tí ihò rẹ̀ há jù bẹ́ẹ̀ ló kàn.

Ẹnu òkè yìí ló lágbára jù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é kó fẹ̀ lókè, kó há nísàlẹ̀, bí àpẹẹrẹ láti 15.0 mm sí 14.7 mm. Orúkọ Hans Moennig, alátùn-ún-ṣe fèrè ní Philadelphia, ni wọ́n fi ń pe irú ìrísí bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹnu apá òkè fèrè àti ìdí ibi ìfẹnusí, dé 0.01 mm. Ẹ jẹ́ kí fèrè gbóná, kí ẹ fi túnà, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, yẹ ohùn ìsàlẹ̀ àti tòkè wò ní méjì-méjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ihò tó há bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bù ú ní 0.05 mm, kí ẹ sì máa fọn ọ́ wò lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, torí igi tí a ti ha kúrò kò ṣeé dá padà.

Ẹ má fi ihò wo àìsàn tó jẹ́ ti gígùn bárẹ̀lì o. Bí ẹ bá gé 1 mm kúrò nínú gígùn rẹ̀, ohùn 349 Hz á gòkè ní bíi sẹ́ǹtì 7 (sẹ́ǹtì 100 ló wà nínú ìdajì ohùn kan), ṣùgbọ́n 147 Hz kò ní ju bíi 3 lọ. Fífà bárẹ̀lì jáde díẹ̀ náà ń dá kòtò sílẹ̀ nínú ojú ìkibọ̀, èyí tó tún ń rẹ àwọn ohùn tó ń lo apá kúkúrú fèrè sílẹ̀ sí i. Ẹ fi òrùka tó bá a mu dí i.