Iṣẹ́ àná tí a pa rẹ́ kì í ṣe tẹ́ńpléètì

Ẹ wọ ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé kan, ìbáà jẹ́ n'Ìbàdàn tàbí n'Ìkẹjà, kí ẹ ní kí wọ́n fi tẹ́ńpléètì, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilé, hàn yín. Kò ní pẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ kan á fi ṣí fáìlì tó ń jẹ́ "Duplex Alhaji FINAL FINAL 3.dwg". Á ní, "Òun nìyí, ẹ̀gbọ́n. Bí iṣẹ́ tuntun bá ti dé, a ó ṣí i, a ó ṣe Save As, a ó pa ilé Alhaji rẹ́, ó parí. Gbogbo léyà ti wà níbẹ̀, title block náà ti wà níbẹ̀." (Save As ni kí a tọ́jú fáìlì pẹ̀lú orúkọ tuntun; léyà ni ìpele tí a ń pín ìlà sí, ògiri lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀; title block ni àpótí orúkọ àti ọjọ́ tó wà létí bébà.) N kò lè bú u. Ọdún mẹ́rin gbáko lèmi náà fi ṣe é bẹ́ẹ̀, mo sì fi kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn mi.

Ìgbàgbọ́ yìí, pé iṣẹ́ àná tí a pa rẹ́ ti tó ṣe tẹ́ńpléètì, kò ṣàdédé wáyé. Oṣù Kejìlá ọdún 1982 ni AutoCAD jáde, ó sì pẹ́ gan-an tó jẹ́ pé fáìlì àwòrán lásán kan, acad.dwg, ló fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ ètò tirẹ̀ á to àwòrán òfìfo kan bó ṣe wù ú, á fi rọ́pò ìyẹn. Release 14, ẹ̀dà AutoCAD ti ọdún 1997, ló gbé fáìlì .dwt dé, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún tẹ́ńpléètì. Àwọn tó kọ́ àwọn ọ̀gá wa níṣẹ́ ti mọṣẹ́ kí ìyẹn tó dé, bí wọ́n sì ṣe ṣe é ni wọ́n ṣe kọ́ni: àwòrán ló ń bí àwòrán. Òfìfo tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ló já sọ́nà. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa ni pé àwòrán kankan á ṣe é, àní èyí tí ilé ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo àwọn tó ń fi páànù ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Abẹ́òkúta. Wọ́n á gé òdòdó sára páànù pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e lé aṣọ funfun, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ aṣọ sínú aró. Páànù kan náà ni wọ́n á máa fi ṣe aṣọ lọ. N kò tíì rí ẹni tó mú aṣọ tí wọ́n ti rẹ lánàá, tó wá ń fi ọṣẹ fọ aró rẹ̀ kúrò kó lè tún un ṣe fún oníbàárà mìíràn. Save As tí a ń ṣe nìyẹn. A fọ̀ ọ́ títí, aró ṣì wà lára aṣọ.

Aró wo ló wá kù nínú fáìlì tí a ti pa gbogbo ìlà inú rẹ̀ rẹ́?

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìwọ̀n. Lọ́dọ̀ wa, ìwọ̀n mẹ́ta ló ń pàdé lórí bébà kan. Oníbàárà á ní ilẹ̀ òun jẹ́ 50 fíìtì sí 100 fíìtì. Awọnlẹ̀ á mú tirẹ̀ wá ní mítà, 15.24 sí 30.48. Àwa á ya ògiri búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́sàn-án ní 225, ní mìlímítà. AutoCAD kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Nọ́ńbà lásán ló ń rí. 225 lè jẹ́ mìlímítà, ó sì lè jẹ́ máìlì. Ohun tó ń là á lóye ni nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní INSUNITS, tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan: 1 ni íǹṣì, 4 ni mìlímítà, 6 ni mítà. Tí ẹ bá ń gbé búlọ́ọ̀kù (ti AutoCAD ni mò ń wí o, ìyẹn àwòrán tí a dì pọ̀ di ẹyọ kan, bí ilẹ̀kùn, kì í ṣe ti sìmẹ́ńtì) láti fáìlì kan bọ̀ sínú òmíràn, nọ́ńbà yìí ló máa wò kó tó mọ̀ bóyá kó sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré.

Ká wá ní ẹni tó ya ilé Alhaji bẹ̀rẹ̀ láti inú acad.dwt, tó jẹ́ ti íǹṣì, àmọ́ tó ń tẹ nọ́ńbà mìlímítà sínú rẹ̀. Ilé jáde dáadáa, nítorí nọ́ńbà kan náà ló lò jálẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ẹ ṣe Save As, ẹ pa ilé rẹ́, INSUNITS ṣì jókòó sórí 1. Ẹ mú ilẹ̀kùn 900 wọlé láti inú fáìlì tó wà ní mìlímítà, ó wọlé ní 35.43, ẹ ò tiẹ̀ ní rí i lójú kọ̀ǹpútà. Tàbí kí ẹ gbé ilẹ̀kùn tí ẹ yà nínú fáìlì Alhaji lọ sínú fáìlì tó wà ní mìlímítà: á di 22,860. Ilẹ̀kùn mítà méjìlélógún àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, lórí ilẹ̀ tí iwájú rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé díẹ̀ lọ! Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ SCALE, àṣẹ tó ń sọ nǹkan di ńlá tàbí kékeré, wọ́n á fi 25.4 ṣe ìṣirò, wọ́n á bá iṣẹ́ lọ. Fáìlì náà á tún di tẹ́ńpléètì iṣẹ́ tó ń bọ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí PURGE wà?" Ó wà. Ohun tí fáìlì kò lò mọ́ ni PURGE ń kó dànù: léyà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, búlọ́ọ̀kù tí ẹnikẹ́ni kò pè. INSUNITS kì í ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò ní fọwọ́ kàn án. Kò ní fọwọ́ kan ètò ìlà gígékúrú tó jẹ́ ti íǹṣì, èyí tó máa ń mú kí ìlà ààlà ilẹ̀ dà bí ìlà gbọọrọ lójú yín tí ẹ bá ń ya nǹkan ní mìlímítà. Àwọn RegApp, ìyẹn orúkọ tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà mìíràn fi sílẹ̀ nínú fáìlì, fèrèsé PURGE kì í sábà fi wọ́n hàn. -PURGE pẹ̀lú dáàṣì níwájú ni ẹ máa fi rí wọn. Mo ti rí fáìlì òfìfo tó wúwo ju ilé alájà méjì lọ.

PURGE kò sì lè mọ̀ pé orúkọ tó wà nínú title block kì í ṣe ti oníbàárà yín. Èyí ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ya búńgálò fún ìyá àgbà kan, bébà mẹ́fà. Mo pààrọ̀ orúkọ lórí mẹ́ta tí mo rántí. Ìyá jókòó láàárín àwọn ọmọ wọn, wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n ń ka bébà kẹrin.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni Alhaji?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kọ́lé Alhaji sórí ilẹ̀ mi?"

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Èmi ni. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ìyá kò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n fi bébà náà sílẹ̀ káwọn tún un wò dáadáa. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó pè mí padà.

Síbẹ̀, ìyẹn kéré sí ti ọ̀rẹ́ mi kan. Òun ṣí iṣẹ́ àtijọ́, ó ń pa á rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ Ctrl+S débi pé kò mọ ìgbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Kó tó rántí Save As, ó ti tọ́jú òfìfo lé orí ilé odidi kan. AutoCAD máa ń fi ẹ̀dà ìgbà tó ṣáájú pamọ́ sínú fáìlì .bak, ìyẹn ì bá yọ ọ́. Àmọ́ ó ti tẹ Ctrl+S lẹ́ẹ̀mejì, .bak náà ti di òfìfo.

Pẹ̀lú .dwt gidi, èyí kò lè ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá tẹ New, ohun tó ṣí kì í ṣe .dwt náà. Ẹ̀dà rẹ̀ ni, tó ń jẹ́ Drawing1.dwg, tí kò tíì ní ilé lórí dísíkì. Ctrl+S àkọ́kọ́ á béèrè orúkọ lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá ní kí n mú ìdí kan ṣoṣo tó fi yẹ ká jáwọ́ nínú Save As, èyí ni màá mú.

Ṣíṣe é kò gba ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú acadiso.dwt, tó jẹ́ ti mìlímítà, kí ẹ tẹ UNITS, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé Millimeters ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni léyà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kó ọgọ́rùn-ún léyà síbẹ̀ nítorí pé wọ́n rí i nínú fáìlì òyìnbó kan. Mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ilé gbígbé, kí orúkọ wọn sì jẹ́ èyí tí ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá máa kà tó máa yé e. Ẹ má ya ohunkóhun tààrà sórí léyà 0. Inú búlọ́ọ̀kù ni ìwúlò rẹ̀ wà: ohun tí ẹ bá yà sórí 0 kí ẹ tó sọ ọ́ di búlọ́ọ̀kù, tí àwọ̀ rẹ̀ wà ní ByLayer (ìyẹn pé kó máa tẹ̀lé àwọ̀ léyà), á gba àwọ̀ léyà tó bá bọ́ sí.

Lórí ọ̀rọ̀ kíkọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Annotative, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí AutoCAD fúnra rẹ̀ ń mú bá ìwọ̀n àwòrán mu, kí gíga rẹ̀ lórí bébà jẹ́ 2.5 mìlímítà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin ni ẹ máa máa ṣe ìṣirò fún un: 250 fún àwòrán 1:100, 125 fún 1:50, ọjọ́ tí ẹ bá sì yí ìwọ̀n padà, gbogbo ọ̀rọ̀ ni ẹ máa tún ṣe. Ìlà tó ń kọ ìwọ̀n náà, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ Yorùbá bó ṣe yẹ, kó má fi ọ̀nà ìkọ̀wé sí txt.shx, fọ́ǹtì AutoCAD tí kò ní ẹ, ọ àti ṣ wa, àmì ìbéèrè ló máa jókòó sí àyè wọn. Kó mú fọ́ǹtì TrueType tó ní wọn. Mo mọ ilé kan tí "Adé?lá" wà lára title block rẹ̀ títí dòní.

Layout, ìyẹn ojú bébà tí àwòrán máa jáde sí, ni ẹ máa lo àkókò lé lórí jù. Ẹ ṣe ti A3 kan, 420 sí 297, àti ti A1 kan, 841 sí 594. Ẹ fi title block síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí búlọ́ọ̀kù tó ní attribute, ìyẹn àwọn àyè tó ń béèrè pé kí ẹ fi nǹkan sí wọn: orúkọ oníbàárà, ojúlé ilẹ̀, nọ́ńbà bébà, ọjọ́. Ẹ fi "ORÚKỌ ONÍBÀÁRÀ" gàdàgbà sí àyè orúkọ, kí ẹni tó gbàgbé láti yí i padà lè rí ìtìjú rẹ̀ kí bébà tó jáde. Fèrèsé tó ń fi ilé hàn lórí bébà, ẹ fi sí 1:100, ẹ tì í, kí ẹ sì gbé e sórí léyà tí kì í jáde lórí bébà. Nínú Page Setup, ẹ yan DWG To PDF.pc3, ẹ má yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì yín, nítorí kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ẹ̀rọ náà kò ní mọ ohun tí ẹ ń wí, nígbà tó jẹ́ pé ti PDF yẹn máa ń bá AutoCAD wá.

Tó bá parí, Save As kan ṣoṣo tó tọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé: ẹ yan AutoCAD Drawing Template, .dwt. Ẹ wọ OPTIONS, ojú ewé Files, Template Settings, kí ẹ tọ́ka QNEW, ìyẹn New kíákíá, sí i. Tí ọ́fíìsì bá ní fódà tí gbogbo yín jọ ń lò, ibẹ̀ ni kó wà, kí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan péré ló láṣẹ àtikọ nǹkan sí i. Àga, bẹ́ẹ̀dì àti mọ́tò kì í ṣe ara tẹ́ńpléètì. Ẹ ní fáìlì tiwọn lọ́tọ̀.

Ìgbàgbọ́ òdì mìíràn rọ̀ mọ́ eléyìí, àwọn tó ti ń lo .dwt ló sì máa ń mú: pé tí àwọn bá tún tẹ́ńpléètì ṣe, àwòrán tí wọ́n ti fi ṣe á tún ara rẹ̀ ṣe. Rárá. Ìgbà tí ẹ tẹ New ni okùn àárín wọn já. Léyà tí ẹ fi kún un lónìí kò ní dé inú iṣẹ́ oṣù tó kọjá. Ctrl+2 ló ń ṣí DesignCenter. Láti ibẹ̀ ni ẹ ti lè wọ́ léyà tàbí ọ̀nà ìkọ̀wé láti inú .dwt sínú àwòrán àtijọ́.

Tẹ́ńpléètì kò sì kó gbogbo nǹkan sínú ara rẹ̀. Fáìlì .ctb, tó ń sọ pé kí pupa jáde ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú, kí àwọ̀ mìíràn jáde nípọn, kò sí nínú .dwt, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé .dwg sórí fláàṣì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ A1, tí kọ̀ǹpútà wọn kò sì ní .ctb yín, ilé á jáde ní pupa, yẹ́lò àti búlúù bí aṣọ ọdún. Fọ́ǹtì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. PDF ni kí ẹ gbé lọ.

Kí ẹ tó fi tẹ́ńpléètì tuntun lé àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ tẹ New, ẹ ya ògiri kan tó gùn ní 3000, ẹ mú ilẹ̀kùn 900 wọlé, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, ẹ tẹ Layout A3 jáde sórí bébà. Ẹ wá fi rúlà wọn ògiri náà. Ní 1:100, 30 mìlímítà gééré ló yẹ kó jẹ́. Tí rúlà bá ní 29, ẹ wo fèrèsé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti mú "Fit" níbẹ̀, èyí tó ń fún àwòrán kó lè bá bébà mu.