Ẹ Ṣírò Ìlà Kí Ẹ Tó Gbé VR Wá Síbi Ayẹyẹ

Ohun tí àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "VR wo ló dára jù?" Ìyẹn awò ńlá tó ń bo ojú pátá, tí èèyàn á fi máa rí ibòmíì bíi pé ibẹ̀ gan-an ló wà. Èmi náà á bi wọ́n padà: èèyàn mélòó ló ń bọ̀? Wákàtí mélòó lẹ ní? Awò kan, ojú kan ló lè bò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ká ní ìṣẹ́jú 5 ni ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n. Kẹ́ ẹ tó fi awò sí ẹnì kan lójú, kẹ́ ẹ fún okùn rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàlàyé, kẹ́ ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì nù ún, ìṣẹ́jú 3 ti wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 8 nìyẹn. Láàárín wákàtí 3, awò kan ò lè kárí ju èèyàn 22 lọ. Awò 4, èèyàn 88. Bẹ́ ẹ bá gé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n sí ìṣẹ́jú 2, awò 4 yẹn á kárí èèyàn 144. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé e kúrú. Ẹ tún so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí àwọn tó wà lórí ìlà lè máa rí ohun tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń rí.

Ọ̀rọ̀ òòyì ló ká mi lára jù. Ojú á máa sọ fún ọpọlọ pé à ń sáré, inú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ara ti ń mọ ìrìn àti ìdúró, á ní a ò kúrò lójú kan. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń kọ́ èèyàn lóòyì. Níbi ayẹyẹ kan, fídíò ẹni tó ń fi alùpùpù sáré ni wọ́n gbé wá. Ìyá àgbà kan di ìka mi mú pinpin. Wọn ò sọ nǹkan kan, àmọ́ òógùn ti bo iwájú orí wọn, wọ́n sì ń gbé itọ́ mì léraléra. Kíá ni mo bọ́ awò náà lójú wọn. Látìgbà náà, àga ni mo ń fi èèyàn jókòó sí, fídíò tí kámẹ́rà rẹ̀ dúró sójú kan ni mo sì ń yàn. Ẹ béèrè bóyá ẹni náà ní wárápá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gbé awò sínú oòrùn. Dígí inú rẹ̀ á kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan, á sì jó ojú rẹ̀ níbi tí àwòrán ti ń jáde. Òkùnkùn biribiri náà ò dáa, torí kámẹ́rà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí yàrá kó tó mọ ibi tó wà. Ẹ ti kó fídíò sínú rẹ̀ láti ilé; bí èrò bá pọ̀, fóònù wọn á fún Wi-Fi pa. Bátìrì ọ̀pọ̀ nínú àwọn awò yìí ò ju bíi wákàtí 2 lọ.

Ẹni tó wà nínú awò ò rí ọwọ́ yín tó ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.