Bí Paul Erdős ṣe fi owó ẹyọ wá ohun tí ojú kò rí

Ká ní èèyàn mẹ́fà jókòó síbi àsè kan. Ẹni méjì tí a bá mú nínú wọn, bóyá wọ́n mọra, bóyá wọn ò pàdé rí. Ṣé ó ṣeé ṣe kí á má rí mẹ́rin kankan tí gbogbo wọn mọra, kí á má sì rí mẹ́rin kankan tí wọ́n ṣàjèjì síra wọn pátápátá?

Ẹni tó ní bébà àti bírò lè máa tò ó wò. Erdős, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí sí Budapest ní Hungary lọ́dún 1913, tí ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 1947. Ju owó ẹyọ sókè fún ẹni méjì kọ̀ọ̀kan: bó bá fi ojú kan balẹ̀, wọ́n mọra, bó bá fi ojú kejì balẹ̀, wọn ò mọra. Láàárín ẹni mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a óò ju owó, ọ̀nà 64 ló sì lè gbà balẹ̀. Méjì péré ló burú nínú wọn, ìyẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà bá fi ojú kan náà balẹ̀. Ẹni mẹ́fà ní àkójọ ẹni mẹ́rin 15 nínú. Ìlọ́po 15 fún 2 jẹ́ 30, kò sì tó 64. Aburú kò lè gba gbogbo ọ̀nà tán. Ó di dandan kí dáadáa ṣẹ́kù. Ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí i, síbẹ̀ ó dájú pé ó wà.

Ibi tó ti dùn jù ni tí èèyàn bá di 100, tí a kò sì fẹ́ mẹ́wàá tó mọra tàbí mẹ́wàá tó ṣàjèjì síra wọn. Àkójọ ẹni mẹ́wàá inú wọn jẹ́ 17,310,309,456,440. Ìgbà kan péré nínú 17,592,186,044,416 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè burú. Ó kù díẹ̀ kó kọjá ààlà, ṣùgbọ́n kò kọjá! Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè yẹ gbogbo ètò bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Erdős kò ní ilé tirẹ̀. Àpótí ìrìnàjò ló ń gbé kiri láti ilé ọ̀rẹ́ kan sí òmíràn, àwọn tó bá a kọ ìwé ìwádìí sì lé ní 500. Warsaw ló kú sí lọ́dún 1996, níbi tó ti lọ fún ìpàdé ìṣirò. Bí iye èèyàn ti ń pọ̀ sí i, títí dòní, ètò tí àwọn onímọ̀ lè fọwọ́ tò jáde ní tààrà kò tíì dé ibi tí owó ẹyọ rẹ̀ dé.