Bí Windows 11 ṣe ń wọ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Microsoft kò fọwọ́ sí

Lenovo ThinkPad T430, Dell Latitude E6430 àti HP EliteBook 8470p jáde ní ọdún 2012, processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) Intel Core ìran kẹta ló sì wà nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ òkè òkun ló sábà máa ń kọ́kọ́ rà wọ́n fún òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ wọ ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, wọ́n sì gba Computer Village ní Ìkejà dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò. Ara wọn le, wọ́n rọrùn láti tú, ẹ̀yà ara wọn kò sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10, àfi àfikún ọdún kan fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ sì ní àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò yẹ.

Oríṣi "kò yẹ" méjì ló wà níbẹ̀, orí ìyàtọ̀ wọn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Ọ̀kan ni ohun tí Microsoft kò fẹ́. Èkejì ni ohun tí processor fúnra rẹ̀ kò lè ṣe. Ti àkọ́kọ́ ṣeé yí po. Ti èkejì kò ní oògùn.

Ohun tí Microsoft ń bèèrè nìyí: Intel ìran kẹjọ sókè tàbí AMD Ryzen 2000 sókè, TPM 2.0 (ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò), Secure Boot (àyẹ̀wò tí kì í jẹ́ kí ètò tí a kò fọwọ́ sí jí ẹ̀rọ), RAM 4GB àti ààyè 64GB lórí disk. TPM 1.2 ló wà nínú T430, processor rẹ̀ sì jìnnà sí ìran kẹjọ. Àmọ́ Setup, ìyẹn ètò tó ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ, ló ń ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí. Bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló rí: bí ènìyàn bá ti kọjá rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni nínú ọgbà. Windows tó ti wọlé kò ní kọ̀ láti ṣí nítorí pé TPM 2.0 kò sí.

Ògiri gidi wà nínú ẹ̀dà Windows 11 tó ń jẹ́ 24H2, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2024, àti àwọn tó tẹ̀lé e. Wọ́n fi àṣẹ processor méjì, POPCNT àti SSE4.2, kọ àwọn fáìlì tí Windows fi ń jí. Processor tí kò bá mọ àwọn àṣẹ yìí yóò gbé àmì Windows jáde, yóò pa, yóò tún tan, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe. Core 2 Duo wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni AMD tó ṣáájú ìdílé Bulldozer ti ọdún 2011. Gbogbo Intel Core i3, i5 àti i7, láti ìran kìn-ín-ní, mọ méjèèjì. Ẹni tí kò dá ti ẹ̀rọ rẹ̀ lójú lè ṣí ètò tó ń jẹ́ CPU-Z, kó wo ìlà Instructions: bí SSE4.2 bá wà níbẹ̀, ó lè tẹ̀síwájú. Bí kò bá sí, kí ó má fi dátà rẹ̀ ṣòfò. Kò sí ètò kankan tó lè fi àṣẹ tí kò sí nínú processor kún un.

Ó yẹ ká ṣe òdodo sí Microsoft lórí ọ̀rọ̀ ìran kẹjọ, nítorí ìdí kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ààbò kan wà nínú Windows 11 tó ń jẹ́ Memory integrity. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí driver (ètò kékeré tó ń darí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ) tí a kò fọwọ́ sí ráyè ṣiṣẹ́ ní àárín gbùngbùn Windows. Láti ìran keje ni Intel ti kọ́ ohun tó ń mú iṣẹ́ yìí yá sínú processor rẹ̀. MBEC ni wọ́n ń pè é. Níbi tí kò bá sí, sọ́fítíwíà ló máa ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ á sì fà. Nítorí náà, lórí ẹ̀rọ ìran kẹta, ẹ wo Windows Security, Device security, Core isolation. Bí Memory integrity bá wà ní títàn tí ẹ̀rọ sì ń lọ́ra, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Pípa á dín ààbò kù, ó sì yẹ kí ẹni tó bá pa á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan Windows rárá, inú ẹ̀rọ ló yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe. 4GB tí Microsoft kọ yẹn kò tó fún ẹni tó ń ṣí Chrome pọ̀ mọ́ Word. 8GB ni kí ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Àyè RAM méjì ló wà nínú T430, DDR3 SODIMM ló ń gbà, 4GB méjì sì dára ju 8GB ẹyọ kan lọ, nítorí pé ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sí ojú ẹ̀rọ ń yá apá kan RAM náà lò, ó sì ń yára sí i bí ọ̀nà bá jẹ́ méjì. Lẹ́yìn RAM, ẹ yọ hard disk tó ń yí, kí ẹ fi SSD (disk tí kì í yí) SATA 2.5 inch tó tó 240GB rọ́pò rẹ̀. Windows 11 kì í yé ka fáìlì kéékèèké kiri lẹ́yìn tí ó bá ti ṣí, apá disk tó ń yí kò sì ká a. Ẹni tí kò bá lágbára SSD, tí RAM rẹ̀ kò sì lé ní 4GB, kí ó gbé Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, sórí rẹ̀, kí ó fi Windows 11 sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò ṣe é ní àǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má gbàgbé bátìrì kékeré orí motherboard (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ), èyí tó ń ṣọ́ aago. Nínú ẹ̀rọ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ó sábà máa ń ti kú. Bí aago bá padà sí ọdún àtijọ́, ìwé-ẹ̀rí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì kò ní bá ọjọ́ mu, Windows Update kò ní ṣiṣẹ́, ojú-ìwé tó ṣe pàtàkì kò ní ṣí, ènìyàn á sì rò pé Wi-Fi ló bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ náà ṣe pàtàkì kí a tó nu disk. Nínú Windows 10, ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Activation. Bí ó bá kọ "digital license", a ti so ìwé-àṣẹ náà mọ́ motherboard, Windows 11 irú kan náà, Home sí Home, Pro sí Pro, yóò sì dá a mọ̀ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà Windows 7 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ kò wúlò fún èyí mọ́. Microsoft ti ti ọ̀nà yẹn láti oṣù Kẹsàn-án 2023. Bí ó bá sì jẹ́ ètò ayédèrú ni ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fi mú un ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ìwé-àṣẹ kankan tó máa tẹ̀lé e wọ Windows 11.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó àwọn fáìlì yín sórí disk mìíràn, kí ẹ sì wa ISO Windows 11 (fáìlì kan tó kó gbogbo Windows sínú) láti ojú-ìwé Microsoft gan-an. Ó lé ní 5GB. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń já, fáìlì náà lè dé ní àbọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Microsoft kọ nọ́ńbà SHA-256 rẹ̀, tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì pé, sí ojú-ìwé kan náà. Àṣẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, àti SHA256 nínú Command Prompt yóò gbé ti fáìlì yín jáde. Bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, ẹ tún un wà.

Ètò tó ń jẹ́ Rufus ló dára jù láti fi gbé ISO náà sórí flash USB. Flash 8GB tó, a ó sì nu ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀. Ẹ mú ISO, ẹ yan GPT (ọ̀nà tuntun tí a fi ń pín disk) àti UEFI (ọ̀nà tuntun tí ẹ̀rọ fi ń jí), kí ẹ tẹ Start. Àpótí kan yóò yọ. Ìlà tó ṣe kókó nínú rẹ̀ ni "Remove requirement for 4GB+ RAM, Secure Boot and TPM 2.0". Ẹ tún mú èyí tó ń yọ àkáǹtì Microsoft kúrò lára ohun tó pọn dandan, àti èyí tó ń dá àkáǹtì abẹ́lé sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lè lo flash lásán: bí Setup bá ti ṣí, kí ó tẹ Shift pẹ̀lú F10, kí ó kọ regedit, kí ó lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\SYSTEM\Setup, kí ó dá key tuntun tó ń jẹ́ LabConfig sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú rẹ̀, kí ó ṣe DWORD mẹ́ta, BypassTPMCheck, BypassSecureBootCheck àti BypassRAMCheck, kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1. Ìlẹ̀kùn tí Microsoft fúnra rẹ̀ fi sínú Setup ni LabConfig. Kò sí fáìlì Windows kankan tí a fọ́.

Kí ló dé tí dída ISO sórí flash FAT32 (ọ̀nà kan tí flash fi ń to fáìlì; NTFS ni òmíràn) kì í fi í ṣiṣẹ́? FAT32 kò gba fáìlì tó bá tó 4GB, install.wim tó wà nínú ISO náà sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rufus ń lo NTFS, ó sì ń fi ìpín kékeré kan sí ìparí flash kí UEFI lè rí ọ̀nà ka NTFS. Àwọn UEFI àtijọ́ míì kì í fẹ́ èyí nígbà tí Secure Boot bá wà ní títàn, nítorí náà ẹ pa á títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ẹ wọ BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí: F1 lórí ThinkPad, F2 lórí Latitude, F10 lórí EliteBook. Ẹ fi boot sí UEFI nìkan, kí ẹ pa Legacy tàbí CSM, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́. Lórí Dell, ẹ wo SATA Operation. "RAID On" ló sábà máa ń wà, Setup sì lè má rí disk kankan níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di AHCI. Bí BIOS bá ti pẹ́ púpọ̀, ìgbà yìí ló dára láti gbé tuntun sí i, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bátìrì tó ṣì ń gbé iná dúró àti ṣájà lára rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí Windows ń wọlé, a lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá mú un lọ láàárín àtúnṣe BIOS, motherboard lè má jí mọ́.

Ẹ ki flash bọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ F12 lórí ThinkPad àti Latitude, F9 lórí HP, kí ẹ yan flash tó ní UEFI níwájú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Setup bá bèèrè ibi tí yóò wọ̀, ẹ pa gbogbo ìpín orí SSD náà rẹ́ títí tí yóò fi ku "Unallocated Space" nìkan, kí ẹ yan ìyẹn. Bí ó bá ní òun kò lè wọ disk nítorí pé MBR (ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń pín disk) ni, ìpín àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá ní GPT ló dí òun lọ́wọ́, Legacy ni flash fi ṣí. Ẹ padà sínú BIOS. Lórí SSD, iṣẹ́ yìí sábà máa ń parí láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ má so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì títí yóò fi dé Desktop.

Bí Wi-Fi kò bá jí lẹ́yìn náà, wáyà LAN sábà máa ń ṣiṣẹ́ láìsí driver kankan. Fóònù Android tí a fi wáyà USB so mọ́ ọn, tí a sì tan USB tethering lórí rẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí Windows Update wá driver tirẹ̀ ná, kí ẹ tó lọ sí ojú-ìwé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà. Driver Windows 10 máa ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 11. Èyí tó sábà máa ń kọ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ káàdì Wi-Fi T430, ẹ mọ̀ pé BIOS rẹ̀ kì í gba káàdì tí Lenovo kò kọ sínú ìwé rẹ̀. Àṣìṣe 1802 ni yóò gbé jáde, kò sì ní ṣí.

Àtúnṣe ààbò oṣooṣù ń wọlé fún irú ẹ̀rọ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Microsoft kò ṣe ìlérí rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun ọdọọdún ni kì í dá wá. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ikú: fún Home àti Pro, 24H2 parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2026, 25H2 ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2027. Fúnra ẹni ni a ó gbé e sókè. Ẹ wa ISO tuntun, kí ẹ fi Rufus tuntun ṣe flash lọ́nà kan náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ẹ má ṣe boot láti orí rẹ̀. Inú Windows tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kí ẹ ti ṣí setup.exe orí flash náà, kí ẹ yan "Keep personal files and apps". Bí àyẹ̀wò bá ṣì ń dí yín, setup.exe /product server láti inú Command Prompt máa ń kọjá rẹ̀. Yóò kọ Windows Server sójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n Windows 11 náà ló ń gbé wọlé.

Ẹ fi ó kéré tán 30GB sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe èyí, nítorí pé Windows àtijọ́ ṣì máa wà nínú fódà Windows.old. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Windows ń fúnni láti padà sí ti tẹ́lẹ̀, láti inú Settings, System, Recovery. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni kí ẹ dán ohùn, kámẹ́rà, Wi-Fi, ìtẹ̀wé àti pípa ẹ̀rọ dé wò, nítorí pé lẹ́yìn wọn Windows yóò nu fódà náà fúnra rẹ̀.