Pọ́tásíọ̀mù, èròjà tó ń bá ọkàn dá iná

Nǹkan bí ìgbà 100,000 ni ọkàn àgbàlagbà ń lù lójúmọ́. Iná mànàmáná kékeré ló ń bí ìlù kọ̀ọ̀kan, inú àwọn èròjà tó yòrò sómi ara ni iná náà sì ti ń wá: pọ́tásíọ̀mù, sódíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù.

Ká mú sẹ́ẹ̀lì ọkàn kan ṣoṣo, ká fi wé ilé tí wọ́n mọ ògiri yí ká. Pọ́tásíọ̀mù ló kún inú ilé, sódíọ̀mù ló kún ìta. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri yìí tí kì í sinmi: bó bá lé sódíọ̀mù 3 síta, á fa pọ́tásíọ̀mù 2 wọlé. Jens Christian Skou, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1957, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997. Ìyàtọ̀ inú sí ìta yìí gan-an ni iná ọkàn. Bí ilẹ̀kùn ṣí, sódíọ̀mù á ya wọlé, kálísíọ̀mù á tẹ̀ lé e, iṣan á sún kì, ẹ̀jẹ̀ á tú jáde. Pọ́tásíọ̀mù á wá yọ́ síta kí sẹ́ẹ̀lì lè fara balẹ̀ de ìlù tó kàn.

Nínú gbogbo pọ́tásíọ̀mù ara, nǹkan bí ìdá 98 nínú 100 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìwọ̀nba tó kù sínú ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: mílímóòlù (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí èròjà ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀) 3.5 sí 5 nínú lítà kan. Bó bá lọ sílẹ̀, ìlù ọkàn á dàrú. Bó bá ga jù, ọkàn lè dákẹ́ lójijì.

Kíndìnrín ló ń ṣọ́ ìwọ̀n yìí. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì àti àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ lè fa pọ́tásíọ̀mù gbẹ. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò nílé ń dá omi ara padà, àmọ́ kò ní pọ́tásíọ̀mù. ORS inú sáṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ní in. Bí mágínísíọ̀mù bá sì kéré, kíndìnrín á máa jo pọ́tásíọ̀mù dànù, bó ti wù kí wọ́n fún aláìsàn tó.

Ọ̀rọ̀ kán-ún ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Nítorí pé "potash" ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó, àwọn kan rò pé pọ́tásíọ̀mù ni. Rárá o! Sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú kán-ún. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń fi í se ewédú tàbí ẹ̀wà ń fi iyọ̀ kún iyọ̀ ni. Inú àgbagbà, iṣu, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọsàn àti omi àgbọn ni pọ́tásíọ̀mù wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ ó kéré tán mílígíráàmù 3,510 lójúmọ́.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ kò sí nínú èyí. Omi àgbọn tó ṣe ẹlòmíì lóore lè gbẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n máa ń ní kó gé iṣu wẹ́wẹ́, kó fi omi púpọ̀ sè é, kó sì da omi náà nù, nítorí pọ́tásíọ̀mù á ti yòrò síbẹ̀. Bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ga débi ewu, dókítà á kọ́kọ́ fa kálísíọ̀mù sí i lára kí ọkàn má bàa dàrú. Lẹ́yìn náà ni ínsúlínì pẹ̀lú glúkóòsì, tó ń ti pọ́tásíọ̀mù padà sínú sẹ́ẹ̀lì, títí wọ́n á fi rí èyí tó ṣẹ́ kù fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.