Bí Ọkọ̀ 33 Ṣe Ń Gba Àyè ní Indianapolis

"Ṣebí òsì nìkan ni wọ́n ń yà." Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ti eré ọkọ̀ IndyCar ti Amẹ́ríkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n tó wò ó rárá. Ọdún eré 2026 ń ṣí ní St. Petersburg, ìpínlẹ̀ Florida, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta, lórí títì àárín ìlú níbi tí awakọ̀ ti ń yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ẹni tó ń wá ilé àna tí kò dé rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú eré ọdún náà ló rí bẹ́ẹ̀. Pápá roboto, tí wọ́n ti ń yà sí òsì nìkan, kò pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yẹn kò bá gbogbo pápá mu ló ń dunni jù. Indianapolis, níbi tó ti jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, gan-an ló ti ń ṣi èèyàn lọ́nà jù lọ.

Eré Indianapolis 500 fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn: máìlì 500, ìyípo 200, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló gba ife. Ìgbà 110 rẹ̀ ló bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2026. Ìdánwò tó ń ṣáájú rẹ̀ ló yẹ kéèyàn jókòó tì, èyí tí wọ́n ń pè ní qualifying. Ní àwọn pápá yòókù, ìdánwò yìí kàn ń sọ ẹni tí yóò dúró níwájú àti ẹni tí yóò dúró lẹ́yìn. Gbogbo ọkọ̀ tó wá ni yóò sáré. Ní Indianapolis, àyè 33 ló wà, ìlà 11, ọkọ̀ mẹ́ta lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí 34 bá wá, ọ̀kan ń padà sílé, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ ti ná gbogbo ohun tó ní.

Ohun tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kò pọ̀ létí. Yóò jáde sórí pápá lóun nìkan, yóò mú táyà gbóná, lẹ́yìn náà yóò yípo lẹ́ẹ̀mẹrin láìdúró. Máìlì 10 ni gbogbo rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọn kì í mú èyí tó yá jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo wọn ni wọ́n ń pa pọ̀, tí wọ́n sì ń pín sọ́nà mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ọkọ̀ tó ń sáré tete fún ìyípo kan kò ṣòro láti ṣe. Ọkọ̀ tí yóò sáré bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rin, nígbà tí táyà ń jẹ lábẹ́ rẹ̀, òun ló ń kó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sí àìsùn.

Ìdí ni bí wọ́n ṣe ṣe pápá náà. Ọdún 1909 ni wọ́n là á, kò sì tíì yí bátànì padà láti ìgbà náà: máìlì 2.5, igun mẹ́rin. Igun wọ̀nyí kò dagun púpọ̀. Ti pápá eré ọkọ̀ Daytona ní Florida ga ní ìwọ̀n dígírì 31, bí ògiri tí ọkọ̀ lè fara tì. Ti Indianapolis kò pé 10, ìwọ̀n 9 àti díẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó ń lọ ní máìlì 230 láàárín wákàtí kan, tó ń jẹ nǹkan bíi pápá bọ́ọ̀lù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò rí ilẹ̀ fara tì níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyẹ́ tó wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ ló sì ń kó afẹ́fẹ́ náà jọ fún un.

Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló ń fà á sẹ́yìn. Bí wọ́n bá tẹ́ ìyẹ́ náà sílẹ̀, ọkọ̀ yóò fò lórí ọ̀nà títọ́, ṣùgbọ́n yóò máa yọ̀ bó bá dé igun. Bí wọ́n bá gbé e sókè, yóò di igun mú, ṣùgbọ́n yóò falẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ ìdánwò, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀ títí dé ibi tí ọkàn awakọ̀ bá lè gbà á dé, tí wọn ó sì sọ fún un pé kó má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Àwọn tó ń sọ pé òsì nìkan kò mọ èyí: lórí ọ̀nà títọ́ ní Indianapolis, ọ̀tún ni awakọ̀ ń tẹ ìdarí ọkọ̀ sí. Wọ́n ti to ọkọ̀ náà kí ó máa fà sí òsì fúnra rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn tọ̀tún tóbi ju tòsì lọ díẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwúwo rẹ̀ náà fì sí apá kan. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ ìdarí lórí ọ̀nà títọ́ yóò bá ara rẹ̀ nínú koríko. Bó bá dé igun, kò ní láti fa ọkọ̀ sí òsì tagbáratagbára, ó kàn ń dẹ ọwọ́ fún un ni.

Ẹ wo obìnrin tó ń ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò, tí omi kún dẹ́nu ìkòkò. Ẹni tó ń wò ó látòkèèrè yóò ní ó kàn ń rìn ni. Ọrùn rẹ̀ kò sinmi rárá. Omi ń fì síwájú, ọrùn ń pàdé rẹ̀. Omi ń fì sẹ́yìn, ọrùn ń tẹ̀lé e. Bí òṣùká bá yẹ̀ díẹ̀, kò lè sọ ìkòkò kalẹ̀ kó tún un ká. Orí ìrìn ni yóò ti fi ìka méjì tì í sí ibi tó yẹ. Kí òṣùká yẹn wá jẹ́ ewé tútù tó ń rọ sí i ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀fúùfù máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní àárín ọ̀nà, kó sì dákẹ́ lójijì lẹ́yìn igi ńlá. Kí ó lọ sódò lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n sì wọn omi tó kù nínú ìkòkò ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, kí ìwọ̀n náà jẹ́ ipò rẹ̀ láàárín gbogbo obìnrin abúlé.

Awakọ̀ ní òṣùká tirẹ̀. Ohun èlò kan wà lápá ọ̀tún ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní weight jacker. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ yóò ṣí láti orí táyà kan lọ sórí òmíràn ní ìdábùú. Ó tún ní ọwọ́ méjì mìíràn nítòsí, ọ̀kan ń mú iwájú ọkọ̀ le tàbí dẹ̀, ìkejì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yìn. Ní ìyípo kìn-ín-ní, táyà ṣì ń gbá ilẹ̀ mú. Ní ìkejì, iwájú ọkọ̀ lè máa kọ̀ láti yà. Ní ìkẹta, ẹ̀yìn rẹ̀ lè fẹ́ ṣáájú. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní igun tó ń bọ̀ kó tó dé ibẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì lórí ọ̀nà títọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì kúrò lórí iná. Láti 2025 ni wọ́n ti fi agbára iná mànàmáná tó ń bá ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ kún un ní Indianapolis. Ọkọ̀ wúwo sí i, ohun tí ọwọ́ awakọ̀ ń ṣe náà sì pọ̀ sí i. Robert Shwartzman, tí kò sáré lórí pápá roboto rí kó tó dé ibẹ̀, ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò lọ́dún yẹn pẹ̀lú máìlì 232.790 láàárín wákàtí kan. Scott McLaughlin ti ṣe 234.220 ní 2024, kí ìwúwo tuntun yẹn tó dé.

Wàyí o, ẹni tí yóò kọ́kọ́ jáde ńkọ́? Wọ́n ń ṣẹ́ kèké fún un ní ìrọ̀lẹ́ Friday, ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò. Kèké yìí ṣe pàtàkì ju bó ti yẹ lọ. Ní òwúrọ̀, ọ̀dà pápá ṣì tutù, táyà ń dì í mú, afẹ́fẹ́ tó ki sì ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Bí oòrùn bá ti gun ọ̀dà dáadáa, ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú awakọ̀ kan náà lè pàdánù máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi yìí ni ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó lójú mi: ẹni tó mú nọ́ńbà burúkú kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Àtúnṣe tí wọ́n fi sí i ló mú kí ìdánwò yìí dùn ju eré ọ̀pọ̀ pápá mìíràn lọ. Lẹ́yìn tí kálukú bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń ṣí ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i: Lane 1 àti Lane 2. Ẹni tó bá tò sí Lane 2 ṣì ní ìyára tó ti ṣe lọ́wọ́. Bí kò bá ṣe dáadáa sí i, ti àtijọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni ní Lane 1. Ẹni tó bá gba Lane 1 ń kọjá síwájú gbogbo wọn, àmọ́ kó tó wọ ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ ìyára tó ti ní sílẹ̀ pátápátá. Kò ní ohunkóhun mọ́. Bí ọkọ̀ bá kọlu ògiri, bí òjò bá rọ̀, bí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá lù kó tó dé orí pápá, òfo ló kù fún un.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán Saturday fi ń dà bí ọjà tó ń túká. Ìkùukùu kan bo oòrùn, ọ̀dà fẹ́ tutù díẹ̀, àwọn tó wà ní ìdí kọ̀ǹpútà ń ṣírò bóyá ìkùukùu náà yóò pẹ́ tó kí ọkọ̀ àwọn dé iwájú. Ẹni tó wà ní ipò 29 ń wo ẹni tó wà ní 31. Ọkọ̀ mẹ́ta tò sí Lane 2, ọ̀kan ṣàdédé yà sí Lane 1, àwọn yòókù ń sá kiri. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní 2025, àwọn 12 tó yá jù ń padà wá ní Sunday láti jà fún iwájú, ipò 13 sí 30 ti ní ẹni tó ni wọ́n, àwọn tó kù ń padà wá jà fún ìlà ìkẹyìn.

Níbi ìlà ìkẹyìn yìí ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kan ta òmíràn jáde. Ní 2019, Fernando Alonso, tó ti gba ife àgbáyé Formula 1 lẹ́ẹ̀mejì, wà pẹ̀lú McLaren, ilé iṣẹ́ ńlá. Ó ṣe 227.353. Kyle Kaiser ti ẹgbẹ́ Juncos, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti fọ́ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, tí wọ́n ní láti tún ọkọ̀ mìíràn tò, ṣe 227.372. Bí wọ́n bá jọ sáré máìlì 10 yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àlàfo àárín wọn kò ní tó mítà kan àbọ̀. Alonso lọ sílé.

Ti 2023 tún dùn mí ju ìyẹn lọ. Graham Rahal wà ní ipò 33. Jack Harvey, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà, jáde ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí kò tíì tutù, ó sì ṣe 229.166. Rahal ní 229.159. Bíi ìdajì mítà ni, lẹ́yìn máìlì 10. Ó sunkún ní gbangba. Bàbá rẹ̀, Bobby Rahal, tó jẹ ife Indianapolis ní 1986, tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà, dúró níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ta jáde ní ibẹ̀ kan náà ní 1993, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gba ife àpapọ̀ eré ọdún tó ṣáájú. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Stefan Wilson fara pa níbi ìgbáradì, wọ́n sì ní kí Graham wa ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹgbẹ́ tó tóbi kọjá ìdánwò yìí. Ẹgbẹ́ Penske jẹ ife ní 1994. Ní 1995, Al Unser Jr. tó jẹ ẹ́ fún wọn àti Emerson Fittipaldi tó ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn méjèèjì ni kò wọlé. Ìdánwò yìí náà ló ṣílẹ̀kùn fún Willy T. Ribbs ní 1991, ní ọjọ́ ìkẹyìn, tó fi di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó sáré nínú Indianapolis 500. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára kò bèèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, IndyCar fún ọkọ̀ 25 ní ohun tí wọ́n ń pè ní charter, ìwé tó ń fi dá wọn lójú pé àyè wọn wà nínú gbogbo eré ọdún. Indianapolis 500 nìkan ni kò sí lára rẹ̀. Àwọn olówó ẹgbẹ́ kan fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń sọ yé mi: ilé iṣẹ́ tó sanwó fún kíkọ orúkọ rẹ̀ sára ọkọ̀ ní tìtorí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìwé bo àwọn 25, Lane 1 di ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà mọ́, torí kò sí ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ yóò bà tó bẹ́ẹ̀.

Àbùkù tó kù kò sí nínú òfin. Honda àti Chevrolet nìkan ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún eré yìí, ìwọ̀nba tí ọwọ́ wọn lè ká ni wọ́n sì ń fún àwọn ẹgbẹ́. Ní 2020 àti ní 2022, ọkọ̀ 33 péré ló wá. Gbogbo wọn wọlé, ọ̀sán náà sì lọ wẹ́rẹ́, tí kò sẹ́ni tó gún lọ́kàn. Ní 2025, 34 wá. Jacob Abel ni kò wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdánwò oṣù Karùn-ún yóò dùn, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọkọ̀ láti oṣù Kẹta, kó sì máa wò bóyá ẹnìkan ti rí ẹ́ńjìnnì kẹrìnlélọ́gbọ̀n.