Tìróò, àbẹ́là mẹ́ta àti ọkùnrin ará Basra

Àáfà kan wá gba awò ìkàwé lọ́dọ̀ mi. Mo ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, kó máa wo iná kékeré tó wà níwájú. Ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Dókítà, idán òyìnbó yìí pọ̀ o. Kéwú làwa mọ̀ ní tiwa."

Mo ní, "Àáfà, ẹ má tíì mira. Tá a bá parí, màá sọ ẹni tó kọ́kọ́ tú idán bí ojú ṣe ń ríran fún yín. Kéwú lòun náà kà."

Àlàyé yẹn gùn ju àyè tó wà fún mi lọ lọ́jọ́ yẹn, torí àwọn tó jókòó síta ti ń sín sí wa létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ọ̀dọ̀ tìróò ni mo fẹ́ gbà wọ̀ ọ́. Kuhl ni Lárúbáwá ń pe tìróò. Nítorí pé tìróò lílé wà lára iṣẹ́ ìtọ́jú ojú láyé àtijọ́, kahhal ni wọ́n ń pe dókítà ojú, bí ẹni ń sọ pé "ẹni tó ń lé tìróò fúnni". Ní Baghdad, ní ohun tó lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ yìí ti dá dúró, ó ní ìwé tirẹ̀. Hunayn ibn Ishaq, tó kú ní 873, kọ ìwé alápá mẹ́wàá lórí ojú. Kristẹni ni Hunayn. Òun ló kó ìwé ìṣègùn Galen, dókítà Gíríìkì àtijọ́, láti èdè Gíríìkì wá sí Síríákì àti Lárúbáwá, Mùsùlùmí wà lára àwọn tó ń sanwó fún un. Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú Ìsìláàmù, irú ìlú bẹ́ẹ̀ là ń sọ: Mùsùlùmí ló ń ṣàkóso, àmọ́ Kristẹni àti Júù wà nídìí iṣẹ́ náà, èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn fi ń jiyàn.

Iyàn ọ̀hún sì wà nílẹ̀. Báwo lojú ṣe ń ríran? Euclid àti Ptolemy, àwọn àgbà Gíríìkì, ní ojú ló ń ta ìtànṣán jáde bíi tọ́ọ̀ṣì, ìtànṣán yẹn á sì lọ kan ohun tí à ń wò. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwa náà ṣì ń sọ pé "bá mi fojú sí ẹrù yìí", àfi bí ẹni pé ojú lè kúrò lágbárí lọ jókòó ti ẹrù.

Ẹni tó tú u ni Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Basra ní Ìráàkì ní nǹkan bí ọdún 965. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ó fọ́nnu pé òun lè kápá omíyalé odò Náílì, ni Kálífà al-Hakim, tó ń ṣàkóso Íjíbítì, bá ránṣẹ́ pè é wá sí Káírò. Ó débẹ̀, ó tọ odò náà lọ, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Al-Hakim kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń já kulẹ̀ kó sùn dáadáa, ló bá ṣe bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú, wọ́n sì sé e mọ́lé títí Kálífà náà fi kú ní 1021. Lẹ́yìn náà, ó ń da ìwé kọ fún owó kó lè rí jẹ. Bóyá gbogbo ìtàn wèrè yẹn rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ìwé ńlá alápá méje tó kọ lórí ìríran, Kitab al-Manazir, wà lọ́wọ́ wa.

Àlàyé rẹ̀ rọrùn débi pé ojú á máa tini pé àwọn àgbà ò ti rí i. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì gbójú sókè wo oòrùn ọ̀sán, ojú á ro ó. (Ẹ má dán an wò o, oòrùn máa ń ba awọ ẹ̀yìn ojú jẹ́.) Tó bá jẹ́ pé ojú ló ń rán nǹkan jáde, kí ló ń ro ó? Ohun tó wọlé ló ń ro ó. Tí ẹ bá tẹjú mọ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tí ẹ wá wọnú òkùnkùn, àwòrán fèrèsé yẹn á ṣì wà lójú yín fún ìgbà díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló kúrò lára nǹkan, tó wá bá ojú.

Kò fi mọ sí àlàyé ẹnu. Ẹ lè ṣe èyí tó ṣe nílé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ to àbẹ́là mẹ́ta tó ń jó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ẹ dá ihò kékeré kan sí páálí, ẹ gbé e síwájú wọn, kí ẹ wá na bébà funfun sẹ́yìn páálí náà. Àmì ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta lẹ ó rí lórí bébà. Ẹ bo àbẹ́là ọwọ́ ọ̀tún: àmì ọwọ́ òsì ni yóò kú, àwọn méjì yòókù á dúró. Inú ihò kan náà ni ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, síbẹ̀ wọn ò dàpọ̀ mọ́ra, kálukú gba ọ̀nà tó tọ́ gan-an. Fìtílà àti yàrá ṣíṣókùnkùn lòun lò.

Ó ṣàṣìṣe o. Ó rò pé lẹ́ńsì inú ojú, ohun mímọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ló ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára. Ó mọ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kọjá lọ sẹ́yìn, àwòrán á dorí kodò, kò sì fẹ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ lojú ń ṣe. Wọ́n ti túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí Látìnì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Basel ní 1572, ní 1604 ni Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, wá fi hàn pé àwòrán náà ń dorí kodò lóòótọ́, lórí awọ ẹ̀yìn ojú. Mi ò rò pé inú á bí Ibn al-Haytham. Nínú ìwé tó fi tako Ptolemy, ó ní ẹni tó ń wá òótọ́ gbọ́dọ̀ sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá gbogbo ohun tó bá kà, kó sì fura sí òye ara rẹ̀ náà.

Àwọn kan á ní gbogbo sáyẹ́ǹsì ti wà nínú Àlùkùránì, àwọn mìíràn á ní ẹ̀sìn ló pa sáyẹ́ǹsì. Èmi ò rí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì. Fìtílà ni Ibn al-Haytham tàn kó tó mọ̀. Ní Damascus, mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀ ló gba Ibn al-Shatir, tó kú ní 1375, ṣiṣẹ́ pé kó máa ṣírò àkókò ìrun, òun ló sì ṣe ìṣirò ìrìn òṣùpá tí Copernicus, òyìnbó tó ní ayé ló ń yí oòrùn ká, padà lo irú rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní Istanbul, wọ́n kọ́ ilé ìwòràwọ̀ fún Taqi al-Din, tóun náà kọ̀wé lórí ìmọ́lẹ̀, ní 1577, Súlútánì sì ní kí wọ́n wó o ní 1580. Ẹ̀sìn kan náà ni o. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣèjọba ni ọ̀rọ̀ máa ń wà.

Ẹ jẹ́ n padà sí iṣẹ́ mi. Láyé al-Hakim yẹn náà, dókítà ojú kan wà ní Káírò, Ammar al-Mawsili. Láyé rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ti lẹ́ńsì tó ti funfun nítorí kàtárátì sẹ́yìn nínú ojú. Ammar lo abẹ́rẹ́ oníhò, ó sì fi fa kàtárátì náà jáde. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, àwọn kan ṣì ń kiri ní ilẹ̀ wa, pàápàá lápá òkè Ọya, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti ojú bíi tàwọn tó ṣáájú Ammar. Èèyàn á ríran díẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú ẹbí á dùn. Tó bá yá, ojú á kẹ̀ tàbí kó fọ́ pátá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ìyá yín. Ní ọsibítù, wọ́n ń yọ lẹ́ńsì tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fi tuntun rọ́pò, ọ̀pọ̀ sì ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.

Tìróò náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé hádíìsì wà lórí ithmid, irú tìróò kan, mi ò bá a jà. Ohun tó wà nínú ìgò ọjà là ń sọ. Òjé ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún ọmọ ọwọ́ kan wò, èyí tó ti Nàìjíríà lọ: ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ tó jẹ́ òjé. Ẹ má lé e fọ́mọ.

Nígbà tí mo fún Àáfà ní awò rẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ ọkùnrin Basra náà fún òun. Mo kọ ọ́ ní ABD. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó tún un kọ ní Lárúbáwá sábẹ́ rẹ̀, ó sì kà á sókè. Kò na ọwọ́ jìnnà mọ́ kó tó rí i.